Mẹ́wàá Ni Mo Gbọ́

Ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn tí ọmọ Ẹlẹ́tù kú ní kúárì, Jẹ́jẹ́ wá sọ fún un pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. Ẹlẹ́tù jókòó lórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ: òun ló ń kó ẹ̀tù sínú àpáta tí àpáta fi ń bú.

Jẹ́jẹ́ ló ń wa katapílà níbẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe jẹ́jẹ́ láyé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń yára sọ̀rọ̀, ó ń yára jẹun, ó sì ń wa katapílà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó."

"O ṣeun. Jókòó."

"Mi ò ní pẹ́. Máníjà ló rán mi. Àwọn tó wá yẹ ibẹ̀ wò ti kọ ìwé wọn tán, wọ́n ti lọ. Ó ní kí ẹ̀yin ṣì máa sinmi, àwa la máa bẹ̀rẹ̀. A ò ní yin nǹkan kan lọ́la. Kíkó nìkan la máa kó."

"Kí lẹ máa kó?"

"Òkúta tó wó sí ìdí ògiri àpáta lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni màá kó o."

Ẹlẹ́tù yọ ọwọ́ kúrò láàárín orúnkún.

"Ibo lo ti máa bẹ̀rẹ̀?"

"Apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni katapílà ti máa ń ráyè yí."

Ẹlẹ́tù gbójú sókè wò ó.

"Má lọ lọ́la," ó sọ.

"Hẹn?"

"Sọ fún wọn pé ara rẹ ò yá."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò mọ ìyàwó mi ni. Tí mo bá ní ara mi ò yá, ìgbálẹ̀ ló máa fi kí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi wà nílé yìí, mo ti kun ilé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku kó ní kí n kun òun náà."

Ẹlẹ́tù kò rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí ló dé, Bàbá?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde láti inú Ẹlẹ́tù, ó dé ọ̀fun, ó dé eyín. Ibẹ̀ ló ti padà.

"Kò sí nǹkan kan. Máa lọ."

Jẹ́jẹ́ kí i, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Ẹlẹ́tù ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú títì títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré ni. Ẹsẹ̀ alààyè.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ẹlẹ́tù ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ihò méjìlá ni wọ́n sábà máa ń lu lẹ́ẹ̀kan. Òun ni yóò kó ẹ̀tù sí wọn, tí yóò fi okùn iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi amọ̀ dí wọn lẹ́nu. Okùn kan kì í gùn bí èkejì, kí wọ́n lè máa bú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ṣáná sí wọn tán, yóò rìn lọ sínú táńkì irin àtijọ́ kan tí wọ́n gé lẹ́nu tí wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ kọ ojú ògiri. Ibẹ̀ ni yóò ti máa kà.

Òkúta wẹ́wẹ́ méjìlá máa ń wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ lápá òsì. Bí ihò kan bá bú, yóò mú òkúta kan kúrò lápá òsì sí apá ọ̀tún. Bí apá òsì bá ṣófo, gbogbo rẹ̀ ti bú. Yóò jáde, yóò na ọwọ́ sókè, yóò ní, "Ó pé." Bí Ẹlẹ́tù bá ti ní ó pé, ọ̀rọ̀ tán. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọnú kúárì, wọn á máa súfèé.

Bí kò bá pé, ẹ̀tù kan wà nínú òkúta tí kò tíì bú. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún ìyẹn: ẹni tó kó o síbẹ̀ ni yóò lọ bá a. Kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹlẹ́tù ti lọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ọmọ rẹ̀ tó kú, kò sẹ́ni tó kú rí nídìí ẹ̀tù tirẹ̀. Gbogbo kúárì ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìyẹn. Òun náà mọ ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ tó ṣíwájú ikú ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú táńkì. Ọmọ yìí nìkan ló bí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, Ẹlẹ́tù ló fọ aṣọ rẹ̀, òun ló gé èékánná rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó wá síbi iṣẹ́ bàbá rẹ̀, wọ́n sì fi sídìí ẹ̀rọ tó ń lu ihò. Wọ́n jókòó nínú táńkì náà, èjìká kan èjìká. Àpáta bú, ó tún bú. Apá òsì ṣófo. Ẹlẹ́tù dìde.

"Bàbá," ọmọ náà sọ, "mẹ́wàá ni mo gbọ́."

"Méjìlá ni."

"Méjì nínú ẹ̀ ò dún bíi tàwọn yòókù. Ó jọ ìgbà tí ohùn bá lọ gbá nǹkan tó sì padà wá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ògiri tó dojú kọ wá yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Òótọ́ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Ẹlẹ́tù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, nǹkan kan nínú rẹ̀ sì gbà á. Ṣùgbọ́n ó ti dìde tán. Bó bá jókòó padà, àwọn tó wà níta yóò bi í pé kí ló dé, yóò sì sọ fún wọn pé ọmọ òun ló ń bá òun ṣírò.

"Tèmi ni kíkà," ó sọ. "Tìrẹ ni lílù."

"Ó dáa, Bàbá."

Ó jáde, ó na ọwọ́ sókè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, irin ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀ kan ẹ̀tù lápá òsì ògiri. Ohun tí wọ́n rí gbé kúrò níbẹ̀ kò pọ̀.

Àwọn tó wá yẹ ibẹ̀ wò bi í pé mélòó ló kà. Ó ní méjìlá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bí méjìlá bá bú, a jẹ́ pé àjẹkù ẹ̀tù ló wà nídìí ihò kan, àti pé ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ni kò yẹ ihò wò kó tó lu. Wọ́n pè é ní àìfarabalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi Ẹlẹ́tù pé mélòó ni ọmọ rẹ̀ gbọ́.

Bí ọmọ náà bá gbọ́ mẹ́wàá, méjì ló kù. Ọ̀kan ti pa á. Èkejì ṣì wà lábẹ́ òkúta, lápá ọ̀tún, níbi tó ti rí i pé ògiri kò fọ́.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń jí pẹ̀lú rẹ̀, ó ń jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kúárì ti tì, kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀, kò tíì sí ohun tó ń kánjú. Ní báyìí, Jẹ́jẹ́ yóò gun katapílà láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la.

Ó ronú pé òun lè dá lọ. Bóun bá lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, tóun yọ nǹkan náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà yóò kú sínú òun. Ṣùgbọ́n ó lè nílò ẹ̀tù tuntun láti fi bú u, yàrá ẹ̀tù sì ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ Máníjà, ilẹ̀kùn kì í sì í ṣí láìsí méjèèjì. Yóò ní láti sọ ọ́. Bó bá ti sọ ọ́ fún Máníjà, kí ó tó di ọ̀la, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé ìdáná yóò gbọ́ ọ.

Ó dìde. Ó lọ bá a níbẹ̀.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń fọ abọ́. Ọmọ-ọmọ Ẹlẹ́tù, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin, jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń fi ẹfun ya nǹkan sí sìmẹ́ǹtì, ó sì ń bá ohun tó yà wí. Ẹ̀rọ omi ń jò sínú bésìnì. Ó ti ń jò láti bí oṣù kan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Ẹ fẹ́ omi ni, Bàbá?"

"Rárá."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ń fọ abọ́ kan náà lọ, abọ́ tó ti mọ́.

"Mo gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́," obìnrin náà sọ. "Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Lọ́la."

"Ó dáa. Kó tán bẹ́ẹ̀." Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Bàbá, mi ò tíì sọ èyí fún ẹnì kankan yàtọ̀ sí yín. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo bú u nítorí ẹ̀rọ omi yìí. Mo ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń lu àpáta, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dí omi. Kò dáhùn. Ó kàn gbé fìlà rẹ̀. Wọ́n ní kò farabalẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ farabalẹ̀? Ọ̀rọ̀ mi ló gbé lọ síbẹ̀."

Ó ti sọ èyí rí, lọ́jọ́ kẹta. Ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ keje. Ẹlẹ́tù kò fèsì nígbà méjèèjì.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ omi," ó sọ.

"Ẹ ò lè mọ̀."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi nínú táńkì. Ó ní mẹ́wàá lòun gbọ́. Mo ní méjìlá ni. Mo ní kíkà kì í ṣe tiẹ̀."

Omi ń kán sínú bésìnì. Obìnrin náà kò yíjú.

"Òótọ́ ló sọ?"

"Òótọ́ ló sọ. Ògiri ló ń dá ohùn padà. Mo ka ohùn ògiri mọ́ ọn."

Ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀ débi pé Ẹlẹ́tù ní láti tẹ orí síwájú.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá," ó sọ. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ fi ń wò mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Yàrá yín ló kan tèmi. Ẹ̀ ń gbọ́ mi."

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ gbọ́ tí mò ń sọ pé èmi ni mo fà á."

"Mo gbọ́ ọ."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún Ẹlẹ́tù kó pariwo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń nu ọ̀bẹ.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lónìí tẹ́ ẹ fi ń sọ ọ́?"

Ó sọ fún un. Ó ní ọ̀kan ṣì kù. Ó ní Jẹ́jẹ́ yóò wa katapílà gun orí rẹ̀ lọ́la.

"Nítorí Jẹ́jẹ́ ni, nígbà náà. Kì í ṣe nítorí tèmi."

Irọ́ kan wà tí ì bá pa. Ó wá a, kò rí i.

"Nítorí Jẹ́jẹ́ ni," ó sọ. "Ẹ̀rù rẹ bà mí ju ẹ̀tù lọ."

"Ta ló máa lọ yọ ọ́?"

"Èmi."

"Ṣé ẹ máa padà wá?"

"Mi ò mọ̀."

Obìnrin náà yíjú sí i ní báyìí. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Mi ò ní sọ pé ó ti tán nínú mi nítorí pé ẹ̀ ń lọ síbẹ̀."

"Mi ò ní kí o sọ ọ́."

"Ẹ lọ bá Máníjà kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó lọ. Máníjà gbọ́ ọ nídùúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni yóò gbà.

"Èmi ni mo mọ̀ nípa ẹ̀," Ẹlẹ́tù sọ. "Òjò ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, oòrùn sì ń pa á. Òkúta kékeré kan ló nílò tó máa yọ̀ lé e. Ọ̀nà táwọn ọmọ iléèwé ń gbà wà lẹ́yìn ògiri yẹn."

Máníjà wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ẹlẹ́tù kò sùn. Ó dùbúlẹ̀, ó la ojú sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó ti lọ sí irú ibẹ̀ rí, ẹ̀rù kò bà á báyìí. Nígbà náà, ó gbà gbọ́ pé òun kì í ṣìṣe.

Láago méje òwúrọ̀, ogún òṣìṣẹ́ ti pé sẹ́nu géètì. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ń wo ilẹ̀ bí Ẹlẹ́tù ti ń kọjá láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó bú u. Ẹnì kan ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ohùn rẹ̀ sì rọ bí ohùn ẹni tó ń kí aláìsàn.

Jẹ́jẹ́ jókòó lórí táyà àlòkù kan. Kò dìde.

"Apá ọ̀tún," ó sọ. "Mo sọ fún yín lánàá pé apá ọ̀tún ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"O sọ ọ́."

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa lọ."

"Mo jẹ́ kí o lọ."

Jẹ́jẹ́ mi orí. Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni màá ṣọ́ yín lónìí. Màá wà lẹ́yìn ògiri kúkurú yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣáná tán, màá pè yín, kí ẹ dá mi lóhùn láti inú táńkì. Tí mi ò bá gbọ́ yín, mò ń bọ̀ o."

"Má bọ̀."

"Mo ti wí tèmi."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó di gèlè rẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ẹlẹ́tù kò rò pé yóò wá. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Mo ti mú ọmọ lọ síléèwé," obìnrin náà sọ. "Mo ní kí wọ́n mú wọn gba ọ̀nà kejì."

"O ṣeun."

Ó lọ.

Kẹ́ẹ̀gì omi kan wà lọ́wọ́ òsì Ẹlẹ́tù, àpò ẹ̀tù kékeré kan wà léjìká, igi pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Irin kò gbọdọ̀ wà lára ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Ó ti yọ bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi okùn so ṣòkòtò. Bó ti ń rìn, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ó ti tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kúrò nílé.

Ihò tó bá bú máa ń fi àpá sílẹ̀ lára ògiri, ilà gígùn kan, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka fa amọ̀ tútù. Ó kà wọ́n láti òsì. Èkíní wà. Èkejì wà. Ẹ̀kẹta wà. Níbi tó yẹ kí ẹ̀kẹrin wà, ògiri dúdú, ilẹ̀ sì fọ́ yángá. Kò dúró níbẹ̀. Bó bá dúró, kò ní lè rìn mọ́. Ó wo iwájú, ó ń kà lọ. Ẹ̀kẹjọ wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ̀kẹwàá tó yọ.

Ẹ̀kẹsàn-án ni.

Òkúta bò ó. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn bí ẹni tó ń gbé ẹyin, ó ń fi wọ́n sílẹ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì. Èyí tó bá wúwo, yóò gbá a mọ́ra. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò sì gbójúgbóyà láti nù ún. Gbogbo ìgbà tí òkúta kan bá dún kín-ún, yóò dúró, yóò sì tẹ́tí. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń kérora wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nítòsí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni.

Ẹnu ihò náà yọ. Amọ̀ tó fi dí i ṣì wà níbẹ̀, àtẹ̀ ìka rẹ̀ sì wà lára amọ̀. Ó da omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi igi wa amọ̀ náà jáde. Lẹ́yìn bí wákàtí kan, ó rí ẹ̀tù.

Ẹ̀tù náà ń làágùn. Òróró ti yọ lára rẹ̀, ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ sára bébà tí wọ́n fi dì í, ó ń dán. Ẹlẹ́tù ti gbọ́ nípa irú rẹ̀, kò rí i rí. Kò ṣeé fà jáde. Bí wọ́n bá sín sí i lára, ìyẹn nìkan lè mú kó bú.

Ó di èémí mú. Ó fi ẹ̀tù tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá bá ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ó fi okùn iná sí i, okùn tí yóò jó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti ibẹ̀ dé táńkì kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, fún un àti orúnkún rẹ̀. Ó ṣáná. Okùn náà gbà á, ó ń súfèé.

"Mo ti ṣáná!" ó kígbe.

Kò sáré. Ẹni tó bá sáré lórí òkúta yóò ṣubú. Ó ń rìn, ó ń wo ibi tó ń tẹ̀. Ó ti rìn tó ọgbọ̀n ìgbésẹ̀, òkúta tó tẹ̀ yí lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wọ inú àlàfo kan títí dé àárín ojúgun. Òkúta ńlá tó wà lókè rẹ̀ rọra sún sísàlẹ̀, ó jókòó lé e.

Ìrora kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ìyàlẹ́nu ni. Ó fa ẹsẹ̀ náà. Kò wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti òkúta náà, ó fi èjìká tì í, ó gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ bí ọmọdé. Òkúta tó gba ọkùnrin méjì àti irin gbọọrọ ni. Ó mọ òkúta. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi wà pẹ̀lú wọn.

Ó wẹ̀yìn. Èéfín tín-ín-rín ń gòkè níwájú ògiri. Ó kéré tán, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹ̀rù wá dé, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé àgbọ̀n. Ìtọ̀ gbóná gba itan rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí ẹnì kan wá. Kò sí ohun tó fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé, kí ẹnì kan ṣáà wá, kí ó di ọwọ́ òun mú. Ó la ẹnu.

"Bàbá!" Ohùn Jẹ́jẹ́ ni, láti ẹ̀yìn ògiri kúkurú. "Ṣé ẹ ti wọlé?"

Bí òun bá ké, Jẹ́jẹ́ yóò wá. Yóò sáré dé ibí láàárín ìṣẹ́jú kan. Yóò ti òkúta náà, kò ní lọ. Òun yóò ní kó máa sá, kò ní gbọ́. Ẹlẹ́tù rí i kedere, bí ẹni tó ń wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán.

"Bàbá? Ẹ dá mi lóhùn o. Mò ń bọ̀ o."

"Mo ti wọlé," Ẹlẹ́tù sọ.

"Ẹ tún un sọ?"

"Mo ti wọlé! Dúró síbi tó o wà."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyẹn yà á lẹ́nu.

Ó gbọ́ ohùn ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. "Ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, ìyàwó. Ẹ̀yin ará, ẹ di etí yín o. Ẹni tí kò bá di etí, kó má bá mi sọ̀rọ̀ lọ́la. Ọ̀fun mi ò gba kí n máa pariwo fún adití."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àwọn tí ọkàn wọn ti ń fò láti àárọ̀ ni, ó pọ̀ ju bí ọ̀rọ̀ náà ti mọ lọ.

Ẹlẹ́tù jókòó. Ó ṣeé ṣe láti jókòó, bó bá na ẹsẹ̀ kan tó sì ká èkejì. Ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Ó rò pé ọmọ òun kò ráyè bẹ̀rù. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún rò ó, ó ń dì í mú bí ẹni tó di igi mú nínú omi. Ẹ̀rù náà kò lọ. Ó wà níbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. Ó fi apá méjèèjì bo orí rẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri, gbogbo wọn, títí tí ẹnì kan fi ní kí wọ́n dákẹ́.